Ọ̀dúndún àti àwọn ìbátan rẹ̀ nínú ọgbà

Ọ̀dúndún jẹ́ ewéko tí ewé rẹ̀ nípọn, tí ó tutù lọ́wọ́, tí omi sì kún inú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè é ni Kalanchoe crenata. Ó wà nínú ìdílé Crassulaceae, ìdílé kan náà pẹ̀lú àbámọdá, tí ń jẹ́ Bryophyllum pinnatum, àti pẹ̀lú àwọn ewéko Sedum tí àwọn ará Yúróòpù máa ń gbìn sáàárín òkúta nínú ọgbà wọn. Ìdílé yìí ní ẹ̀yà ewéko tó tó 1,400 káàkiri àgbáyé, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dúndún àti àbámọdá ni tẹrú tọmọ mọ̀. Àwọn méjèèjì ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé: bí a ṣe ń dá wọn mọ̀, bí a ṣe ń gbìn wọ́n, àti bí a ṣe ń tọ́jú wọn ní àárín ìlú, pàápàá ní àdúgbò bíi Costain ní Èkó, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń gba omi dúró tí ọ̀pọ̀ àgbàlá sì ti di kọnkéré. Ohun tó sábà máa ń pa wọ́n níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀dá. Omi àpọ̀jù ni.

Orúkọ

Orúkọ ọ̀dúndún kò ṣòro láti pè, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti wá. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi àmì ohùn sí i lè bá ìlù dùndún, iṣu díndín tí a ń pè ní dùndún, àti ọ̀dùnkún pàdé kí ó tó kan ewé. Yóò sì tún rí orúkọ oyè Déjì ìlú Àkúrẹ́ tó gorí ìtẹ́ ní ọdún 2015, ìyẹn Ọ̀dúndún Kejì. Àwọn kan tún ń pe ewé náà ní ẹlẹ́tí.

Odidi gbólóhùn ni orúkọ àbámọdá ní tirẹ̀: àbá tí mo dá. Nítorí orúkọ yìí ni àwọn babaláwo àti oníṣègùn fi máa ń lò ó níbi tí wọ́n bá ti ń fẹ́ kí ohun tí ẹnu wọn sọ ṣẹ. Nínú ìwé Ewé tí Pierre Fatumbi Verger gbé jáde ní 1995, a lè rí bí irú àjọṣe báyìí láàárín orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí a ń rán an ṣe pọ̀ tó nínú ìmọ̀ ìṣègùn Yorùbá.

Lójú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ orúkọ kò tíì parí. Michel Adanson, ará Faransé tó gbé ní Senegal láti 1749 sí 1753, ni ó fi orúkọ Kalanchoe sínú ìwé ní 1763. Lamarck ṣe àpèjúwe àbámọdá ní 1786, ó sì fún un ní orúkọ mìíràn tí a kò lò mọ́. Títí di òní, àwọn kan ń ka àbámọdá mọ́ Kalanchoe, wọ́n sì ń pè é ní Kalanchoe pinnata, àwọn mìíràn sì ń yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi Bryophyllum. Ewéko kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí.

Ọ̀dúndún jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà olóoru. Àbámọdá ní tirẹ̀ ti erékùṣù Madagásíkà wá, ó sì ti tàn dé gbogbo ilẹ̀ olóoru. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun kò gbàgbé wọn. Ní Brasil, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ṣì ń pe ewé kan nínú ìdílé yìí ní odundun. Àwọn tó ń sọ èdè Potogí níbẹ̀ ń pè é ní folha-da-costa, ìyẹn ewé Etíkun, Etíkun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni ti Áfíríkà.

Bí a ṣe lè dá wọn mọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Bí wọ́n bá ṣì kéré, wọ́n jọra lóòótọ́. Ọ̀nà tó dájú jù láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni láti wo ewé òkè àti òdòdó wọn.

Ewé ọ̀dúndún máa ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀mù rẹ̀, etí rẹ̀ a sì máa rí gbágungbàgun díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi eyín kékeré bù ú jẹ. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewéko tó mọ́lẹ̀. Bí ó bá fẹ́ tanná, yóò na ọ̀pá kan sókè, òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n yóò sì dúró lórí rẹ̀, ojú wọn á kọjú sí òkè.

Ní ti àbámọdá, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè dá dúró, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà, ewé òkè a máa pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún lórí ọ̀mù kan ṣoṣo. Etí ewé náà àti ọ̀pá rẹ̀ a máa ní àwọ̀ pupa tó ṣú díẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kì í kọjú sókè, ńṣe ni ó máa ń sorí kọ́ bí agogo kékeré tí inú rẹ̀ ṣófo. Bí ewé àbámọdá bá já bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ewéko kéékèèké yóò hù jáde láti àárín eyín etí rẹ̀. Èyí ni ó mú kí Bryophyllum jẹ́ orúkọ rẹ̀, nítorí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Gíríìkì ni ewé tó ń hù. Àṣà yìí ya Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì, lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń fi ewé náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ará Jámánì sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ewéko náà di òní. Ọ̀dúndún kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbátan kẹta kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí gidigidi, nítorí pé ó ti wọ inú ìkòkò òdòdó ilé púpọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Kalanchoe daigremontiana, òun náà wá láti Madagásíkà. Ewé rẹ̀ gùn, ó sì ṣóńṣó lẹ́nu, abẹ́ ewé náà ní àmì tótòtó aláwọ̀ pupa dúdú. Ọmọ ewéko a tò yí gbogbo etí rẹ̀ ká nígbà tí ewé náà ṣì wà lára igi, láìtíì já bọ́. Ó dára fún wíwò, ṣùgbọ́n májèlé inú rẹ̀ pọ̀. Kò sí ìdí kankan tí a fi gbọ́dọ̀ já a fún àgbo.

Bí ewé náà ṣe ń mí

A kò lè lóye ìtọ́jú àwọn ewéko yìí bí a kò bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lóru. Ọ̀pọ̀ ewéko a máa ṣí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé wọn ní ọ̀sán kí wọ́n lè gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tí àwa ènìyàn ń mí jáde, kí wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ ọ́ di oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ihò bá ṣí lábẹ́ oòrùn, omi ara ewé a máa bá a lọ. Ìdílé ọ̀dúndún yí ètò náà padà. Wọ́n ti ihò wọn pa ní ọ̀sán, wọ́n sì ń ṣí i ní òru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbà lóru ni wọ́n ń fi pamọ́ sínú ewé gẹ́gẹ́ bí omi kíkan, irú kíkan tó wà nínú èso ápù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tú u sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti tì, wọ́n á sì fi oòrùn sè é.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ nípa kíkan yìí lára àbámọdá ni Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà. Nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1813, ó ṣàlàyé pé ewé náà kan gan-an bí a bá tọ́ ọ wò ní àárọ̀, pé kíkan náà kì í sí mọ́ bí ọjọ́ bá kanrí, àti pé ewé náà máa ń korò díẹ̀ bí ó bá di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá lóye ètò náà tán, orúkọ ìdílé Crassulaceae ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pẹ òyìnbó pàápàá ń lo irú rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùtọ́jú ọgbà ni pé ewéko yìí kì í fi omi ṣòfò. Omi tí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lè mu tán ní ọjọ́ kan lè tó ọ̀dúndún fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí a bá ń bomi rin ín bí a ṣe ń bomi rin ẹ̀fọ́, omi náà kò rí ibi lọ. Yóò jókòó sídìí gbòǹgbò, gbòǹgbò yóò sì jẹrà.

Costain àti ojú ọjọ́ rẹ̀

Costain wà ní ibi tí Surulere, Èbúté Mẹ́ta, Ìgànmú àti Ìjọrà ti súnmọ́ ara wọn, lọ́nà ibi tí Afárá Èkó, tí wọ́n parí ní 1975, ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Richard Costain dá sílẹ̀ ní 1865 ni ó mọ́ àdúgbò náà lára. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga, ọ̀sà kò sì jìnnà sí i. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi a máa pẹ́ kí ó tó rọ́nà lọ.

Òjò tó ń rọ̀ sí Èkó lọ́dún ju mìlímítà 1,500 lọ. Oṣù Òkúdù, tíí ṣe oṣù kẹfà, ni ó máa ń pọ̀ jù. Ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Ògún, lẹ́yìn náà a tún padà ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Ẹ̀ẹ̀rùn gidi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Bélú, ọyẹ́ sì lè fẹ́ ní oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́. Nítorí náà, láàárín oṣù Igbe sí oṣù Ọ̀wàrà, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ní ọ̀dúndún ni láti dáàbò bò ó lọ́wọ́ omi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ó ń bomi rin ín gan-an.

Ilẹ̀ àti ohun tí a ó gbìn ín sí

Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń gba omi dúró, a kò gbọ́dọ̀ gbìn ín sí ilẹ̀ lásán. Ẹni tó bá ní àyè lè kó ebè tó ga tó orókún, kí ó sì da yanrìn mọ́ ọn dáadáa. Ẹni tí kò ní ju ìloro tàbí orí kọnkéré lọ yóò lo ìkòkò. Ìkòkò amọ̀ ni ó dára jù nítorí pé ara rẹ̀ ń mí, omi àpọ̀jù sì ń gba ibẹ̀ jáde. Ike ọ̀dà, kẹ́ẹ̀gì tí a gé sí méjì àti agbada tó ti jò náà ń ṣiṣẹ́, bí a bá lè fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí wọn. Agolo onírin kì í pẹ́ kí ó tó dógùn-ún, oòrùn ọ̀sán sì máa ń mú un gbóná jù fún gbòǹgbò.

Fún ilẹ̀ inú ìkòkò, a lè po kóńgò 2 yanrìn tó rí ṣákaṣàka, kóńgò 2 ilẹ̀ dúdú, àti kóńgò 1 èédú tí a fọ́ wẹ́wẹ́. Yanrìn tó kúnná bí ìyẹ̀fun kò dára, ńṣe ni yóò dì. Púpọ̀ nínú yanrìn tí wọ́n ń tà ní Èkó ni wọ́n wà láti inú ọ̀sà, iyọ̀ sì lè wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí a tó lò ó. Ìgbẹ́ adìyẹ tuntun léwu. Ó gbóná fún gbòǹgbò, ó sì ń mú kí ewé wú gọ̀bọ̀gọ̀bọ̀ láìlágbára. Ẹ̀kúnwọ́ kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tó sì ti gbẹ, lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ti tó ìkòkò kan fún ọdún kan.

Gbíngbìn

Ẹ̀ka ni a fi ń gbin ọ̀dúndún. A ó gé ẹ̀ka tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ nísàlẹ̀ oríkèé kan, a ó já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, a ó sì gbé e sí ibòji fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kánjú. Ojú ibi tí a gé gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó sì sé kí ó tó kan ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi ilẹ̀ yóò gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀ka náà yóò sì dúdú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn tí a bá gbìn ín, a kò ní bomi rin ín fún bí ọjọ́ 4 tàbí 5. Bí ewé tuntun bá yọ lórí, ó ti ta gbòǹgbò.

Àbámọdá kò nílò wàhálà bẹ́ẹ̀. A lè tẹ́ ewé rẹ̀ kan sórí yanrìn tó rin díẹ̀ ní ibòji. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2, àwọn ọmọ yóò ti yọ ní etí rẹ̀, gbòǹgbò wọn yóò sì máa wá ilẹ̀. Kódà ewé tí a fi sáàárín ìwé lè hù. Ìrọ̀rùn yìí náà ni ewu rẹ̀: ewé tó bá bọ́ sínú ìkòkò ọ̀dúndún yóò hù níbẹ̀, yóò sì borí onílé. Ẹni tó ń gbìn àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ó sì máa ṣa ewé àbámọdá tó bá já bọ́.

Ní ti ibi tí a ti lè rí i, àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Òyìngbò, tí kò jìnnà sí Costain, àti ní Mushin máa ń ta ewé ìdílé yìí ní ìdì. Bí ìdì náà bá ní ọ̀pá lára, ó lè di ohun ọ̀gbìn. Kí a tó ra, kí a wo àmì tí a ti sọ ṣáájú.

Omi

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a rí ewé tó rọ̀, kí a sì sáré bu omi sí i. Ewé máa ń rọ̀ fún ìdí méjì tó lòdì síra wọn. Ewé tí òùngbẹ ń gbẹ a máa hunjọ, ara rẹ̀ a tinrin, a sì rọ̀ bí awọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kì í sábà yí padà. Bí a bá bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́, yóò ti le padà ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ewé tí omi ń pa a máa pọ́n, ìmọ́lẹ̀ a máa là á kọjá bí ìgbà tí a bá gbé ọ̀rá sókè sí oòrùn, a sì máa já bọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án. Bí a bá tún bomi sí èyí, a ti pa á.

Kí a tó bomi, kí a ki ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò títí dé oríkèé kejì. Bí ìka bá bá ọ̀rinrin pàdé, kí a fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ́ lára lè gbé ìkòkò náà sókè kí ó fi ìwúwo rẹ̀ mọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sábà máa ń tó. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, a lè fi ìgbà kan kún un. Ní ìgbà òjò, kí a gbé ìkòkò lọ sábẹ́ òrùlé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì ti ń dé, kí a má sì bomi rin ín rárá àfi bí ewé bá hunjọ. Ìdí ewéko ni a ń da omi sí. Omi tó bá dúró láàárín ewé lóru a máa fa èbu.

Ọ̀pọ̀ máa ń gbé àwo sábẹ́ ìkòkò kí omi má bàa da ilẹ̀ rú. Omi inú àwo yẹn ń jẹ gbòǹgbò rà, ẹ̀fọn sì ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bíríkì méjì lábẹ́ ìkòkò sàn ju àwo lọ.

Bí ìdí igi bá ti dúdú, a kò lè wo gbòǹgbò náà sàn mọ́, ṣùgbọ́n a lè gba orí rẹ̀ là. Kí a gé e lókè ibi tí dúdú náà dé, kí a wo ojú ibi tí a gé bóyá ó mọ́ tónítóní, kí a sì tún un gbìn bí ẹ̀ka tuntun. Ilẹ̀ ìkòkò àtijọ́ kò ṣeé tún lò.

Oòrùn, òdòdó àti kòkòrò

Ọ̀dúndún fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán gangan lórí kọnkéré lè jó o. Oòrùn àárọ̀ títí di nǹkan bí agogo 11 dára púpọ̀. Ewéko tó bá na ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé rẹ̀ jìnnà síra wọn, ń wá ìmọ́lẹ̀ ni. Èyí tí etí ewé rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ń gba oòrùn jù, ṣùgbọ́n kò tíì sí nínú ewu.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn méjèèjì máa ń tanná, nítorí pé gígùn òru ni ó ń sọ àkókò fún wọn. Ìdí kan náà ni àwọn olùtọ́jú òdòdó ní Yúróòpù fi lè mú kí Kalanchoe blossfeldiana, òdòdó inú ìkòkò tí Robert Blossfeld ti ilẹ̀ Jámánì gbé wọ ọjà ní 1932, tanná nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́: wọ́n kàn ń fi aṣọ dúdú bò ó kí òru rẹ̀ lè gùn. Ìkòkò tó wà lábẹ́ iná ìta tó ń tàn mọ́jú lè má tanná. Bí òdòdó bá rọ tán, kí a gé ọ̀pá náà kúrò, ọmọ tuntun yóò yọ láti ìdí.

Kòkòrò funfun tó dà bí òwú a máa fara pamọ́ sí oríkèé ewé, èèrà a sì máa daran rẹ̀. Bí a bá rí èèrà tó ń gun igi náà ní ìlà, kí a wá òwú náà kiri. Aṣọ tí a rì bọ omi ọṣẹ ni a ó fi nù ún kúrò. Ìgbín náà fẹ́ràn ewé tútù yìí, òru ni ó máa ń wá.

Sedum gan-an

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá a lè gbin Sedum tí wọ́n rí nínú ìwé òyìnbó sí Èkó. Púpọ̀ nínú wọn nílò òtútù gidi kí wọ́n tó lè sinmi, èyí tí Èkó kò ní. Ní Áfíríkà olóoru, orí òkè gíga ni Sedum wà. Sedum meyeri-johannis, fún àpẹẹrẹ, ń hù ní orí òkè Kilimanjaro. Èyí tó ṣeé gbìyànjú ní Èkó ni Sedum morganianum láti Mẹ́síkò, tí ìrù rẹ̀ ń ṣẹ́ wálẹ̀ láti inú ìkòkò tí a so kọ́, bí òjò kò bá lè dé ibẹ̀ rárá.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fi Sedum bo òrùlé ilé ńlá, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Ford ṣe ní Dearborn ní Amẹ́ríkà ní 2003. Òrùlé páànù Costain kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Lílò àti ewu

Ọ̀dúndún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ewé ẹ̀rọ̀, pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀ àti rínrín, tí a ń lò láti tu ohun tó gbóná lójú. Àwọn olórìṣà mọ̀ ọ́n mọ́ Ọbàtálá. Àwọn àgbà máa ń ra á lọ́wọ́ kí wọ́n fi sí ojú ibi tí iná jó tàbí orí tó ń fọ́, wọ́n a sì máa kán omi rẹ̀ sí etí tó ń dunni. Omi àbámọdá ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ikọ́.

Ìlò kan wà tó yẹ kí a dá dúró. Ní ilé púpọ̀, wọ́n ṣì máa ń kán omi àbámọdá sí ìwọ́ ọmọ tuntun kí ó lè tètè já. Ewé tí a fi ọwọ́ ra, tí ilẹ̀ ti kàn, lè gbé àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì wọ inú ara ọmọ láti ojú ìwọ́ náà, àrùn yìí sì ń pa ọmọ tuntun. Ní 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn oògùn chlorhexidine fún ìwọ́ ọmọ tí a bí sílé ní àwọn ilẹ̀ tí ikú ọmọ tuntun ti pọ̀. Etí tó ń ṣe ọyún tàbí tó ti lu náà kò yẹ fún omi ewé kankan.

Àwọn ewéko ìdílé Kalanchoe àti Bryophyllum ní èròjà kan tó ń da ọkàn láàmú bí ó bá pọ̀. Ní Ọsirélíà, ó ti pa màlúù tó jẹ òdòdó wọn. Òdòdó ni èròjà náà ti máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ tàbí ehoro gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò jìnnà sí wọn, ẹni tó sì ń lo oògùn fún àìsàn ọkàn kò gbọ́dọ̀ mu àgbo tí a fi wọ́n ṣe láìsọ fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ewé náà ti hù kù. Epo bẹntiróòlù tí a ń lò ní apá ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ní òjé nínú títí di nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Òjé tó bá ti bọ́ sílẹ̀ kì í jẹrà, kì í sì í tètè kúrò, nítorí náà ó lè ṣì wà nínú ilẹ̀ ẹ̀bá títì tí ọkọ̀ ti ń gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíi ti Costain. Eruku ọkọ̀ tún ń bà lé ewé lójoojúmọ́. Ọ̀dúndún tó wà ní ẹ̀bá títì tàbí lẹ́tí gọ́tà kò yẹ fún ẹnu tàbí ojú egbò, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. A lè gé ẹ̀ka rẹ̀ wálé, kí a gbìn ín sínú ilẹ̀ tó mọ́, kí a sì dúró di ìgbà tí ewé tuntun yóò yọ.